Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀nà Ìfètò-sọ́mọ-bíbí Tó Bá Ara Ẹni Mu

"Èwo ló dáa jù?" ni ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì ìfètò-sọ́mọ-bíbí ń gbọ́ jù lọ, kò sì sí bó ṣe lè dáhùn rẹ̀ láì tíì mọ ẹni tó ń béèrè. Oògùn tó bá ẹnì kan lára mu pátápátá lè ṣe ẹlòmíì tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ní jàǹbá. Abẹ́rẹ́ tó rọ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin lọ́rùn lè fi nǹkan falẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ lóyún lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó dáa jù ni èyí tí ara yín gbà, tí ẹ sì lè máa lò láìjáwọ́ títí di ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ dá a dúró.

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó pa ọ̀nà kan tì ni kò pa á tì nítorí pé oyún wọlé. Nǹkan oṣù wọn ló yí padà, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n dá a dúró, wọn ò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a ó fi sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ gan-an nínú àpilẹ̀kọ yìí, ká tó dé orí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà wo lẹ fẹ́ bímọ?

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kó tó oṣù 24 kó tó tún lóyún. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi fún ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lúùpù inú ilé ọmọ tàbí ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń tì sábẹ́ awọ apá ló rọrùn jù fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa fi sí i, kò sí ohun tó ń rántí lójoojúmọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá sì yọ ọ́, ó lè lóyún láìpẹ́. Hóró oògùn àti kọ́ńdọ̀mù náà kì í fi nǹkan falẹ̀.

Abẹ́rẹ́ oníoṣù mẹ́ta ló yàtọ̀. Kì í sọ ẹnikẹ́ni di àgàn, kì í sì í ba ilé ọmọ jẹ́, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó tán lára. Ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí oṣù 10 ló ń gbà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí oyún tó dúró. Ti àwọn kan yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti àwọn mìíràn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti lóyún láàárín ọdún kan, ẹ yan nǹkan mìíràn.

Ohun tí ara yín kò gbà

Hóró oògùn tó wọ́pọ̀ jù ní họ́mónù méjì nínú: ẹ́sítírójìn àti pùrójẹ́sítírójìn. Ẹ́sítírójìn yìí ló lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Lára obìnrin tí kò ní àìsàn, ewu náà kéré, kódà ó kéré sí ewu ẹ̀jẹ̀ dídì tí oyún fúnra rẹ̀ ń mú wá. Ṣùgbọ́n kí àwọn wọ̀nyí má ṣe lo oògùn oníhọ́mónù méjì, títí kan èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ àti òrùka tí wọ́n ń fi sójú ara:

- ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ;
- ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró rí;
- ẹni tó ti pé ọdún 35 tó sì ń mu sìgá;
- ẹni tí ẹ̀fọ́rí túúlu rẹ̀ máa ń fi ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà hàn án lójú, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́;
- ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ tó le;
- ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú tí ọmọ náà kò tíì pé oṣù 6.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gba hóró oògùn láì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti lè wọ̀n ọ́n. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, òun ló sì ń yọ ẹni tó wà nínú ewu sọ́tọ̀. Ẹni tí kò lè lo ẹ́sítírójìn ṣì ní ọ̀nà tó pọ̀: hóró oníhọ́mónù kan ṣoṣo, ọ̀pá apá, lúùpù. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ tó le ni a máa ń sọ fún pé kó yàgò fún họ́mónù pátápátá, kó sì lo lúùpù oníbàbà tàbí kọ́ńdọ̀mù.

Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún nọ́ọ̀sì. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ fée, àwọn oògùn wárápá bíi phenytoin àti carbamazepine, àti efavirenz tí àwọn kan ń lò fún kòkòrò HIV, ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ họ́mónù dànù, hóró oògùn àti ọ̀pá apá kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Abẹ́rẹ́ oníoṣù mẹ́ta àti lúùpù kò ní ìṣòro yìí. Àwọn oògùn apakòkòrò tí a sábà ń lò fún ọ̀nà ọ̀fun tàbí ọgbẹ́ kì í ba ìfètò jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń bà á jẹ́.

Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè bẹ̀rẹ̀ hóró oníhọ́mónù kan tàbí ọ̀pá apá láìpẹ́ lẹ́yìn ìbímọ. Fún abẹ́rẹ́, kó dúró di ọ̀sẹ̀ 6. Wọ́n lè fi lúùpù sí i láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn tó bí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó dúró di ìgbà tí ọ̀sẹ̀ 4 bá pé. Ọmú fífún fúnra rẹ̀ ń dènà oyún, àmọ́ nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé pọ̀: ọmọ kò tíì pé oṣù 6, nǹkan oṣù kò tíì padà, ọmú nìkan ni ọmọ sì ń mu tọ̀sán-tòru, láìjẹ́ pé ó lé ní wákàtí 4 lọ́sàn-án tàbí 6 lóru láàárín ìgbà kan sí èkejì. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ náà.

Irú ìyípadà ẹ̀jẹ̀ wo lẹ lè fara mọ́?

Lúùpù oníbàbà kò ní họ́mónù kankan, nítorí náà nǹkan oṣù yín á máa wá lásìkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, inú rírun náà lè le sí i, pàápàá láàárín oṣù 3 sí 6 àkọ́kọ́. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, kò yẹ kó fi èyí ṣe àkọ́yàn. Lúùpù oníhọ́mónù ni kó béèrè fún: díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ máa ń dín kù lórí rẹ̀, ó sì lè dáwọ́ dúró pátápátá. Àwọn dókítà tilẹ̀ ń fi í tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tó ń ya jù.

Ọ̀pá abẹ́ awọ kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan á máa rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ tí kò retí, òmíràn kò ní rí nǹkan kan fún oṣù púpọ̀, ti ẹlòmíì á sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Abẹ́rẹ́ oníoṣù mẹ́ta máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ségesège wá ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Bó bá ti tó ọdún kan, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń lò ó kì í rí nǹkan oṣù mọ́. Hóró oníhọ́mónù méjì ló ń jẹ́ kó máa wá déédéé jù, tí yóò fúyẹ́, tí inú rírun yóò sì dín kù.

Ẹ̀rù tó tóbi jù ni pé, "Níbo ni ẹ̀jẹ̀ náà ń gbá jọ sí?" Kò gbá jọ síbì kankan. Nǹkan oṣù ni ìbòrí inú ilé ọmọ tó nípọn ní ìmúrasílẹ̀ fún oyún, tó wá wó nígbà tí oyún kò dé. Họ́mónù inú abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀pá kì í jẹ́ kí ìbòrí náà nípọn, nítorí náà kò sí ohun tí yóò wó. Kò sí ìdọ̀tí kankan tó ń dúró nínú ara.

Bí ẹ̀jẹ̀ ségesège bá ń yọ yín lẹ́nu lórí ọ̀pá tàbí abẹ́rẹ́, ẹ má kàn dá a dúró. Ẹ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Oògùn ìrora ibuprofen fún ọjọ́ 5 sábà máa ń dín in kù fún ẹni tí kò ní ọgbẹ́ inú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí rẹ̀.

Báwo ni ìgbàgbé ṣe ń ba nǹkan jẹ́?

Ká mú 100 obìnrin tó ń ní ìbálòpọ̀ fún ọdún kan. Bí wọn kò bá lo nǹkan kan, nǹkan bí 85 nínú wọn á lóyún. Bí ọkùnrin bá ń yọ kó tó da àtọ̀, 20. Pẹ̀lú kọ́ńdọ̀mù ọkùnrin, 13. Pẹ̀lú hóró oògùn, 7. Pẹ̀lú abẹ́rẹ́, 4. Pẹ̀lú lúùpù, ọ̀pá apá, tàbí iṣẹ́ abẹ ìdènà oyún, kò tó ẹnì kan.

Bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò wọ́n gan-an nílé ni iye yìí dúró lé. Hóró oògùn tí ẹnì kan kò pa jẹ rárá dára tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í tó ẹnì kan nínú 100 tó ń lóyún lórí rẹ̀. Ìgbàgbé ló sọ ọ́ di 7. Torí náà, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè pẹ̀lú òótọ́ inú: ṣé mo lè gbé nǹkan mì ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́? Ṣé iṣẹ́ mi kì í yí padà láti ọ̀sán sí òru? Ṣé mo ní ibi tí mo lè tọ́jú páálí oògùn sí láìsí pé ẹnì kan á gbé e? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ yan ohun tí kò béèrè fún ìrántí. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíì mọ̀, abẹ́rẹ́ ni kò fi àmì kankan sílẹ̀. Ọ̀pá apá ṣeé fọwọ́ kàn lábẹ́ awọ, okùn lúùpù náà sì ṣeé fura sí.

Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, kọ́ńdọ̀mù nìkan ló ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ HIV àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn. Bí ẹ kò bá mọ ipò ẹnìkejì yín, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù mọ́ ọ̀nà yòówù tí ẹ bá yàn.

Hóró oògùn

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ hóró oníhọ́mónù méjì láàárín ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ nǹkan oṣù, ó ti ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mìíràn tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ náà dára, bó bá ti dájú pé ẹ kò lóyún, àmọ́ ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọjọ́ 7. Nínú páálí onihóró 28, 21 ló sábà máa ń ní họ́mónù nínú. 7 tó kù, tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, kò ní nǹkan kan nínú ju pé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Orí wọn ni ẹ̀jẹ̀ máa ń wá. Bí wọ́n bá tán lónìí, ọ̀la ni ẹ bẹ̀rẹ̀ páálí tuntun, yálà ẹ̀jẹ̀ ti dá tàbí kò tíì dá.

Bí ẹ bá gbàgbé hóró kan ṣoṣo, ẹ gbé e mì bí ẹ bá ti rántí, kódà bó bá di méjì lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì máa bá a lọ. Bí ó bá di méjì léra wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé èyí tí ẹ gbàgbé kẹ́yìn mì, ẹ da ìyókù tó ti kọjá nù, ẹ máa bá páálí lọ, kí ẹ sì fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọjọ́ 7. Ọ̀sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fo àwọn hóró 7 tí kò ní họ́mónù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ páálí tuntun lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ìbálòpọ̀ sì wáyé láàárín ọjọ́ 5 tó kọjá, ẹ lo oògùn pàjáwìrì tó ń dènà oyún lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ páálí ló léwu jù láti gbàgbé, nítorí ara ti wà láìsí họ́mónù fún ọjọ́ 7, ẹyin sì ti ń múra àtijáde. Ọ̀pọ̀ ló ń fi páálí tuntun falẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì láìmọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni oyún ń gbà wọlé.

Bí ẹ bá bì láàárín wákàtí 3 tí ẹ gbé e mì, ẹ gbé òmíràn mì. Hóró oníhọ́mónù kan kò gba ìjáfara: irú ti àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju wákàtí 3 lọ, èyí tí họ́mónù inú rẹ̀ ń jẹ́ desogestrel kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju 12 lọ. Bó bá pẹ́ jù, ẹ gbé e mì, kí ẹ lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ 2.

Èébì tó ń gbéni àti ọyàn tó ń dunni máa ń rọlẹ̀ láàárín oṣù 3. Jíjẹ oògùn náà lálẹ́ ń ṣèrànwọ́. Àwọn tó ń lo hóró oníhọ́mónù méjì kì í tètè ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin àti ti ìbòrí ilé ọmọ bí àwọn tí kò lò ó rí. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dun yín, tí àyà ń dun yín tàbí èémí ń kúrú, tí orí ń fọ́ yín lọ́nà tí kò fọ́ rí, tàbí tí ojú yín ṣàdéédéé ṣú, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Abẹ́rẹ́

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: èyí tí wọ́n ń gbà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àti èyí tí wọ́n ń gbà ní oṣù méjì-méjì. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé ẹni tó pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 4 sí ọjọ́ oníoṣù mẹ́ta, tàbí ọ̀sẹ̀ 2 sí ti oníoṣù méjì, ṣì lè gbà á. Ẹ lè gbà á ṣáájú ọjọ́ náà pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ má ṣe ra ojú ibi tí wọ́n gún, nítorí ó ń jẹ́ kí oògùn náà tètè tán.

Irú oníoṣù mẹ́ta kan wà tí ẹ lè gún fúnra yín lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá ti kọ́ yín. Àpò ike kékeré ni, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrú. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ gbọn ọ́n dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí oògùn náà lè pòpọ̀. Ẹ ti ìdérí mọ́ ọrùn rẹ̀ gírígírí títí àlàfo àárín wọn á fi tán. Bí ẹ kò bá tì í dé ibẹ̀, oògùn kò ní jáde, ohun tó sì ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró nìyẹn. Ẹ yọ ìdérí, ẹ fi ìka fún awọ ikùn tàbí iwájú itan pọ̀, ẹ ti abẹ́rẹ́ wọlé tán, kí ẹ wá rọra tẹ àpò náà fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 7. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tó tú awọ sílẹ̀. Ẹ jù ú sínú ike líle tó ní ìdérí.

Àwọn kan máa ń sanra lórí abẹ́rẹ́. Egungun náà ń fẹ́lẹ́ díẹ̀ bí ẹni náà bá ń lò ó lọ́wọ́, ó sì máa ń padà bọ̀ sípò bó bá ti dáwọ́ dúró.

Ọ̀pá abẹ́ awọ

Wọ́n á fi oògùn pa ojú apá kú, ní inú apá òkè tí ẹ kì í sábà lò, wọ́n á sì ti ọ̀pá kan tàbí méjì sábẹ́ awọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sí rírán. Ọ̀pá méjì ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 5, ọ̀pá kan fún ó kéré tán ọdún 3. Ẹ má jẹ́ kí omi kan ibẹ̀ fún ọjọ́ 4. Kí ẹ tó kúrò ní kílíníkì, ẹ fi ìka yín fọwọ́ kàn án. Bí ẹ kò bá rí i fọwọ́ kàn nígbàkigbà, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù kí ẹ sì padà lọ, torí ó lè má wọlé, tàbí kó ti wọlé jù.

Lúùpù

Ìbẹ̀rù pọ̀ lórí lúùpù ju orí ọ̀nà yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ ni nínú àwọn tó ṣeé yọ, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ tó o. Ike kékeré tó ní apá méjì bíi lẹ́tà T ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Irú oníbàbà tó wọ́pọ̀ jù ń lò tó ọdún 10, oníhọ́mónù ń lo ọdún 3 sí 8 gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ bá ṣe jẹ́. Bàbà ń sọ ilé ọmọ di ibi tí àtọ̀ kò ti lè yè. Kì í ṣẹ́ oyún.

Bí wọ́n ṣe ń fi sí i nìyí. Nọ́ọ̀sì á fi ọwọ́ yẹ̀ yín wò láti mọ bí ilé ọmọ ṣe dojú kọ, á fi irin ṣí ojú ara, á fi oògùn nu ọrùn ilé ọmọ, á sì ti ọ̀pá tín-ín-rín kan wọlé láti wọn jíjìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ti lúùpù tí apá rẹ̀ ká pọ̀ wọlé. Bó bá dé òkè, apá náà á ṣí. Yóò gé okùn rẹ̀ kù díẹ̀. Inú á run yín bí ti nǹkan oṣù, ó sì lè le gan-an fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ bèèrè fún oògùn tí yóò pa ojú ibẹ̀ kú. Ó tọ́ sí yín. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ sùn síbẹ̀ títí yóò fi lọ.

Lúùpù kò lè rìn dé ọkàn tàbí orí. Inú ilé ọmọ ló wà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré ló sì ń gún ilé ọmọ, ìgbà tí wọ́n bá ń fi sí i ni. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ú lọ ni kó já bọ́, pàápàá ní oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn nǹkan oṣù, ẹ lè ti ìka tí ẹ fọ̀ mọ́ wọ ojú ara wò bóyá okùn ṣì wà. Bí ẹ kò bá rí okùn, tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹ fọwọ́ kan ike líle, ẹ padà lọ. Bí okùn bá ń gún ọkọ, ẹ má fà á. Nọ́ọ̀sì lè gé e kúrú. Ẹni tó ní àtọ̀sí tàbí àrùn mìíràn ní ọrùn ilé ọmọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, torí láàárín ọjọ́ 20 àkọ́kọ́ ni àrùn lè gùnkè wọ inú ilé ọmọ. Ibà, inú rírun tó le àti omi tó ń rùn lásìkò yẹn kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì.

Kọ́ńdọ̀mù

Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀rá rẹ̀ wò. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ya á, ẹ má fi eyín tàbí àlùmọ́gàjí. Kí ojú ara méjèèjì tó fara kanra ni kí ẹ wọ̀ ọ́: ẹ fún orí rẹ̀ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa wà níbẹ̀, kí ẹ tú u sísàlẹ̀ dé ìdí. Bí ó bá kọ̀ láti tú, òdì lẹ dì í mú, ẹ jù ú nù kí ẹ mú òmíràn, torí àtọ̀ ti lè kàn án. Bí ọkùnrin bá dà á tán, kó di ẹnu kọ́ńdọ̀mù mú kó sì yọ nígbà tó ṣì le. Bó bá dúró di ìgbà tó bá rọ̀, á tú sínú. Òróró, ìpara àti básílínì ń ba rọ́bà jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun ìyọ̀ olómi tàbí onísílíkónì nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má wọ méjì léra.

Kíka ọjọ́

Fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pé láàárín ọjọ́ 26 sí 32 nígbà gbogbo, ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 19 ni kó yàgò fún ìbálòpọ̀, tàbí kó lo kọ́ńdọ̀mù. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ dé ni ọjọ́ 1. Ẹyin kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ, àmọ́ àtọ̀ lè wà láàyè fún ọjọ́ 5, ìdí nìyẹn tí àkókò ewu fi gùn tó bẹ́ẹ̀. Omi ojú ara tó ń yọ̀, tó sì ń fà bíi funfun ẹyin tútù, jẹ́ àmì pé ẹyin ti fẹ́ jáde. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí tí ọkọ rẹ̀ kì í gbọ́ "rárá", kó má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bí ohun tí ẹ kò retí bá ṣẹlẹ̀

Oògùn pàjáwìrì levonorgestrel miligíráàmù 1.5, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ulipristal miligíráàmù 30 lè dé wákàtí 120, ó sì dára ju levonorgestrel lọ fún ẹni tó sanra. Wọ́n ń dá ẹyin dúró ni, nítorí náà bí ẹyin bá ti jáde, wọn kò lè ṣe nǹkan kan, wọn kò sì lè ba oyún tó ti dúró jẹ́. Lẹ́yìn ulipristal, ẹ dúró fún ọjọ́ 5 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà oníhọ́mónù. Lúùpù oníbàbà tí wọ́n bá fi sí i láàárín ọjọ́ 5 ló lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀. Fífọ ojú ara, fífò sókè àti títọ̀ kò dènà nǹkan kan.

Ẹni tó ti bímọ tán

Iṣẹ́ abẹ ti ọkùnrin rọrùn ju ti obìnrin lọ, ewu rẹ̀ sì kéré jù. Wọ́n ń dí iṣan tó ń gbé irúgbìn láti inú kórópọ̀n. Kórópọ̀n fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀bẹ rí. Kò mú agbára ọkùnrin lọ, omi ṣì ń jáde bó ṣe ń jáde, torí ìwọ̀nba díẹ̀ ni irúgbìn jẹ́ nínú omi náà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: kí wọ́n lo ọ̀nà mìíràn fún oṣù 3, kí wọ́n sì yẹ omi náà wò kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ti obìnrin, dídí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, ń ṣiṣẹ́ lọ́gán. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lórí méjèèjì, kó lo lúùpù títí yóò fi dá a lójú.

Ní kílíníkì

Wọn kò nílò kí ẹ̀jẹ̀ máa wá lọ́wọ́ kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá jẹ́ òtítọ́, ó dájú dé àyè kan pé ẹ kò lóyún: nǹkan oṣù yín bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7, ẹ kò ní ìbálòpọ̀ láti ìgbà tó wá kẹ́yìn, ẹ bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ẹ ń fún ọmọ lọ́mú lọ́nà tí a ti ṣàlàyé, oyún bàjẹ́ lára yín láàárín ọjọ́ 7, tàbí ẹ ti ń lo ọ̀nà mìíràn láìpa á jẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ má fi àyè sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun kí ti àtijọ́ tó tán. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba káàdì tí wọ́n kọ irú ọ̀nà náà, ọjọ́ tí wọ́n fi sí i àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ sí. Ẹ bi wọ́n pé, "Ta ló mọ̀ ọ́n yọ níbí?" torí ibì kan wà tí wọ́n mọ̀ ọ́n fi sí i tí wọn kò mọ̀ ọ́n yọ. Ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá wù yín, kódà bí ọdún rẹ̀ kò bá tíì pé. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ bá ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ má gbìyànjú àtifà á yọ fúnra yín.